Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa ọkọ̀ gẹdú
láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà.
Bí ẹ bá dì mí lójú, tí ẹ gbé èèpo igi sí mi nímú,
n óò sọ fún yín: ìdígbó rèé, afàrà rèé,
èyí ni ìrókò tí òjò ti pa kó tó dé ọ̀nà.
Ṣùgbọ́n àgbagbà tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa,
tó ń mu omi ìfọṣọ láti ọjọ́ tí mo ti kọ́lé,
mi ò mọ̀ ọ́n rí.

Ẹfúntọ́lá ló mọ̀ ọ́n.
Ẹfúntọ́lá sì ti lọ sí Kánádà, ó lọ wẹ ọmọ ọmọ wa.
Oṣù mẹ́fà, ó ní. Ó se ọbẹ̀ kún fìríìsà,
ó kọ orúkọ sára ike kọ̀ọ̀kan
bí ìgbà tí à ń kọ nọ́ńbà sídìí gẹdú.
Oṣù kẹta ò tíì pé, ike tán.
Gààrí láàárọ̀, gààrí lálẹ́,
gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dé egungun eyín,
títí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi tẹrí ba lójú fèrèsé
bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò rẹ́ni bi í.

Mo gbé àdá. Mo gé ìdì náà lulẹ̀.
Mo jókòó, mo ń bó o bí ọsàn.
Oje ta sí mi láṣọ, ó dúdú bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì;
èèpo lẹ̀ mọ́ ara, ara lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ.
Ohùn kan jáde lókè ògiri:
"Bàbá Gẹdú, lèsí kọ́ yín báyẹn?"

Àríyíkẹ́ ni, ọmọ ilé kejì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
eyín iwájú méjì kò sí.
Ó wọlé bí ọ̀gá mẹkáníìkì tí wọ́n ránṣẹ́ pè.
Ẹ gé orí. Ẹ gé ìdí.
Ẹ la ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ, kí ọ̀bẹ má wọnú.
Ẹ rì í sómi iyọ̀, ẹ fi òróró pa ọwọ́.
Àtàǹpàkò ló kù, ẹ tì í.
Èèpo ṣí bí ẹni bọ́ ẹ̀wù.

Èyí tí kò tíì pọ́n, a sun ún lẹ́yinná,
a fi ẹ̀pà tí a rà ní Òkè-Àgbò jẹ ẹ́.
Mo ní, èyí tó ti dúdú bí táyà ń kọ́,
ṣé ká dà á nù?
Ó wò mí bí ẹni tí mo bú ìyá rẹ̀.
"Ìyẹn gan-an ni dòdò.
Bó bá tún rọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ gún un,
ẹ po ìyẹ̀fun mọ́ ọn, ó di mósà.
Kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kánjú."

Ó ní kí n gé ìyá rẹ̀ náà, kò ní so mọ́.
Mo ti rí ìrókò tí ọkùnrin mẹ́fà ò lè gbá mọ́ra
kó wó, tí mi ò ṣẹ́jú.
Àdá kan péré, èyí wó: omi ni,
abọ́ lórí abọ́, kò sí pákó nínú rẹ̀.
Mo dúró síbẹ̀ pẹ́.
Ọmọ mẹ́ta wà nídìí rẹ̀, wọ́n ń wojú mi.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, Ẹfúntọ́lá pè. "Kí lo jẹ?"
Mi ò dáhùn. Mo gbé fóònù sún mọ́ agbada
kó gbọ́ bí dòdò ṣe ń jà nínú òróró.
Ó dákẹ́.
Mo gbọ́ ọmọ jòjòló kan tó sín, lọ́hùn-ún.
Lẹ́yìn náà ló ní: "Ṣé kì í ṣe òróró
tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn àpò ìrẹsì lo gbé sílẹ̀ yẹn?"
Àríyíkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu.
Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.